Pátánì Bàbá Rẹ Kò Sí Nínú Kọ̀ǹténà Tó O Fi Ránṣẹ́

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí ẹ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni, iwájú orí rẹ ló gbé wá.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹténà yẹn ni mo bá wá. Nígbà tó o sọ lórí fóònù pé o ti kó gbogbo pátánì aṣọ tí bàbá rẹ yà kó tó kú sínú kọ̀ǹténà, mo gbá ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí wọ́n gé ẹ̀ka igi ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Àfi bí Onígíláàsì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ àdúgbò ṣe ránṣẹ́ pè mí pé ó ti dé, inú kọ̀ǹpútà òun ló wà. Kọ̀ǹténà! Àṣé ẹrù inú kọ̀ǹpútà lẹ ń pè bẹ́ẹ̀!

Ó ṣí i. Orúkọ pátánì pé síbẹ̀, ṣòkòtò nọ́ọ̀sì, kóòtù dókítà, gbogbo ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, òfìfo. Ó ní o ò kó pátánì kankan, ohun tó kàn ń tọ́ka síbi tí pátánì wà lo kó, inú kọ̀ǹpútà tìẹ lọ́hùn-ún ló sì ń tọ́ka sí. Mo ní kó ka àdírẹ́sì náà fún mi. Ó ní sílààṣì, ilé, sílààṣì, iṣẹ́. Ni mo bá gba gáréèjì lọ, mo ní kí dírẹ́bà gbé mi lọ sí Sílààṣì. Ó béèrè ká gbogbo gáréèjì, ẹnì kan tiẹ̀ ní òun ti sọ̀ níbẹ̀ rí! Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ kí Onígíláàsì tó sáré wá bẹ̀ mí kí n sọ̀ kalẹ̀, pé ìlà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásán ni sílààṣì, kì í ṣe ìlú. Ìtìjú yẹn, ọrùn rẹ ló wà.

O sì mọ̀ pé ikán ti jẹ bébà tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ yà, èyí tó o yà sínú kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ló kù. Àwọn nọ́ọ̀sì tí mo ń ránṣọ fún ń retí aṣọ wọn. Àná ni mo tú yúnifọ́ọ̀mù àtijọ́ kan tí bàbá rẹ rán, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ tuntun, mo fi gé e. Ó bá nọ́ọ̀sì náà mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n mo sunkún, mo rò pé ìyókù ti lọ nìyẹn.

Onígíláàsì ní wọn ò sọnù, wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó ní tó o bá tún ń dì í, kó o sọ fún kọ̀ǹpútà kó tẹ̀lé ìtọ́ka náà débi tó lọ, kó gbé pátánì gan-an wá. Kó o sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì kó o tó fi ránṣẹ́. Ṣé ìyẹn náà le?

Jọ̀ọ́, fi owó sísọ́ọ̀sì ránṣẹ́, tèmi ò gé nǹkan kan mọ́.

Ibikíbi tó o bá forí lé láyé, wàá bá ohun tó o lọ wá níbẹ̀.

Èmi ìyá rẹ, tínú ṣì ń bí.