Àdúgbò Etí Odò Tí Kàbírù Fẹ́ Yàn Fún Mi

Rolla, Sharjah
Ọjọ́ Jímọ̀, 11 oṣù Keje, 1997

Lateefat ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ tó ń wú ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ibi nípa ara wa. Omi tí ẹ óò mu kò ní há yín lọ́fun, ilé tí ẹ ń sùn kò ní lé yín jáde, àmín. Ara mi le, àyà mi ni kò tíì balẹ̀ tán láti ọjọ́ Àìkú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ẹ̀kọ́ àgbà tí mo kọ́ kò ṣòfò. Ibi tí mo bá ti ṣìnà, bá mi tún un ṣe.

Mo ti lo oṣù méjì báyìí nílé ẹ̀gbọ́n rẹ Kàbírù. Ìlú yìí gbóná ju inú ààrò lọ. Omi ẹ̀rọ wọn tí wọ́n ní ó tutù, gbígbóná ló ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Asiat ìyàwó Kàbírù pé ó ń bá mi se omi ìwẹ̀, kó tó jẹ́wọ́ fún mi pé oòrùn ló ń sè é. Ọjọ́ tí mo dé, Kàbírù mú mi wọ yàrá kékeré kan tó jẹ́ kìkì irin, ilẹ̀kùn pa dé, mo bá bú sẹ́kún, mo ní ṣé yàrá tí ọmọ mi ń gbé láti ọdún márùn-ún nìyí, tí kò gba ẹní kan. Ilẹ̀kùn tún ṣí, a bá ara wa níbòmíràn. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè ni. Mo máa ń kí i dáadáa kí n tó wọ inú rẹ̀, kò ju mí nù rí.

Físà mi yóò tán lóṣù tó ń bọ̀, Kàbírù sì ní òun kò fẹ́ kí n padà lọ máa dá gbé ní Ìdí-Ẹ̀pin. Ọkùnrin kan wà láàárín àwọn ọmọ wa tó ń ra ọjà ní Deira kó ránṣẹ́ sí Èkó, Olúṣẹ̀san ló ń jẹ́. Òun àti àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń kọ́ ìlú kan fún arúgbó nìkan, ilé rẹpẹtẹ, tí kò ní sí ọmọdé kankan níbẹ̀ tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lu ògiri. Mo bi Kàbírù pé ta ni àwọn arúgbó náà yóò wá máa rán níṣẹ́.

Àdúgbò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Etí Odò, Àárín Ọgbà àti Òkè. Etí Odò ni gbogbo wọn ń jà sí, nítorí pé níbí, lẹ́bàá omi ní Al Majaz ni àwọn olówó ń gbé. Kàbírù gba fọ́ọ̀mù wá fún mi. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí mi, mo ní ọdún tí eéṣú jẹ oko bàbá mi ni wọ́n bí mi, Asiat ní kò sí àyè eéṣú nínú ìwé náà. Wọ́n béèrè ẹran tí mo ń sìn, mo ka ewúrẹ́ mẹ́fà àti òbúkọ kan tó máa ń kanra. Wọ́n tún wá béèrè ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí mo bá kú. Mo ti fọ́ọ̀mù sẹ́yìn. N kò tíì dé ilé wọn, wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò gbé òkú mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lọ sí ọ́fíìsì Kazeem ní Deira, ẹni tó ń bá wọn kó ẹrù sí ọkọ̀ òkun. Olúṣẹ̀san tẹ́ àwòrán ìlú náà sórí tábìlì. Ó ní bàbá òun gan-an, Bàbá Sùnmọ́nù tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwé, ti ń gbé ilé àkọ́kọ́ ní Etí Odò láti oṣù Kejì, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun fẹ́ lu àwọn ní jìbìtì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo na ọrùn wò ó. Mo rí odò kan tó ṣẹ́ kọ́lọ́ bí ìgúnpá, mo rí afárá lápá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí Asiat ka ohun tí wọ́n kọ sí òkè odò náà fún mi, ó ní Ìdí-Ẹ̀pin. Lateefat, ìgúnpá odò Aláró tiwa ni! Ibi tí a ti ń ṣa ẹja nínú koríko lọ́dọọdún bí òjò bá ti kún ilẹ̀.

Mo ní ẹ̀yin ọmọ, ilẹ̀ tí odò bá ti sùn rí, yóò tún padà wá sùn níbẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ra ilẹ̀ yìí. Olúṣẹ̀san rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ẹnjiníà ti wò ó. Kazeem ní àárò ilé ló ń sọ Màmá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú, ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oṣù Keje la wà yìí, ta ló wà lọ́dọ̀ bàbá yẹn? Olúṣẹ̀san ní bàbá náà nìkan ni, pé àwọn yòókù kò tíì kó wọlé.

Nígbà tí a padà dé Sharjah, Kàbírù ní mo dójú ti òun láàárín ẹgbẹ́ òun, pé Ọjọ́bọ̀ ni òun máa dá fọ́ọ̀mù padà, khalas. Khalas ni wọ́n máa ń wí níbí bí wọn kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Mo kọ̀, n kò fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kejì, ó jáde láìkí mi. Láti ìgbà tí mo ti bí i, kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Asiat lọ ra ẹran, mo mú àpò ọ̀rá kan tí orúkọ ọ́fíìsì Kazeem wà lára rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sí ibùdókọ̀. Mo ń na ọ̀rá náà sí àwọn awakọ̀ títí ọ̀kan fi gbé mi. Ibi tí kò yẹ ló já mi sí ní Deira. Oòrùn mú mi, ojú mi ń ṣú, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ ará Pakistan kan tó ń ta aṣọ. Ó fún mi lómi, ó ka ọ̀rá náà, ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó sì mú mi dé ẹnu ilẹ̀kùn Kazeem. Ọlọ́run yóò ṣe é lóore, n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Olúṣẹ̀san wà níbẹ̀. Ó bi mí pé ta ló mú mi wá, mo ní ẹsẹ̀ mi ni. Mo bi í pé ìgbà wo ló gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bá sọ ohun tí n kò sọ fún ìwọ gan-an rí, pé mo ní àbúrò kan, Raliat, àti pé ìgúnpá yẹn ni odò ti gbé e lọ. Àwa méjèèjì jọ ń ṣa ẹja. Nígbà tí mo wò ó, omi wà ní orúnkún rẹ̀. Nígbà tí mo tún máa wò ó, omi ti dé ọrùn rẹ̀.

Olúṣẹ̀san gbé fóònù, ó pe Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin kan ló ń dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ ṣáá. Mo gba fóònù, mo kí obìnrin náà, mo bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, arúgbó kan ló wà nínú ewu. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó sì já a mọ́ mi létí. Mo ní irú abiyamọ wo nìyí. Lọ́jọ́ mìíràn wọn ì bá rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ọ́fíìsì wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde tó gbé e. Akọ̀wé ibẹ̀ ní òjò kò dá láti ọjọ́ mẹ́ta, omi ti gba orí afárá, kò sí ọkọ̀ tó lè dé ọ̀hún. Olúṣẹ̀san jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí akọ̀wé gba ọ̀nà òkè lọ sí Ìdí-Ẹ̀pin, kó wá Fàtáì ọlọ́kọ̀ ojú omi, kó ní Wosilat ìyá Kàbírù ló rán òun, kí Fàtáì má gba ẹ̀gbẹ́ afárá, kó gba abẹ́ àwọn igi obì, níbi tí omi kì í ti í sáré.

Ibẹ̀ ni Kàbírù bá wa, ó ti wá mi káàkiri. Ó fẹ́ pariwo, ó rí Olúṣẹ̀san tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bá jókòó tì mí.

Ọjọ́rú kọjá, a kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró lójú fèrèsé, kò sí ìkúukùu kan lójú ọ̀run Sharjah, ṣùgbọ́n òjò ni mo ń gbọ́ létí. Kàbírù bu oúnjẹ fún mi, a kò lè jẹ ẹ́, èmi àti òun.

Ọ̀sán àná ni fóònù dún. Fàtáì fúnra rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, wọ́n gbé e dé ọ́fíìsì wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Orí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló ti bá Bàbá Sùnmọ́nù, omi ti bo bẹ́ẹ̀dì, ó ti wà níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan àti òru kan, ó ń fọn fèrè tó máa ń fọn lẹ́nu iṣẹ́ réluwé. Fàtáì ní òun ti fẹ́ yí ọkọ̀ padà, fèrè yẹn lòun gbọ́. Nígbà tí ó fi máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò sí èémí lẹ́nu rẹ̀ mọ́ tó lè fọn ún. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ó ti mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Olúṣẹ̀san wá sí Rolla, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a kò lè gbé e dìde. Ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé Etí Odò kúrò lára àwòrán rẹ̀, ó sì ń dá owó padà fún ẹni tó bá fẹ́. Kazeem tó rẹ́rìn-ín ni ó kọ́kọ́ wá bi mí pé ibo ni kí òun fi ìyá òun sí. Mo bi í pé ṣé orúnkún ìyá rẹ̀ lè gun òkè. Kò mọ̀.

Kàbírù kúnlẹ̀ lẹ́bàá mi láàárọ̀ yìí, ó ní àdúgbò wo gan-an ni mo fẹ́. Mo ní Òkè, ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan àfi bí mo bá rí i nígbà òjò, wọn kò sì gbọdọ̀ fi mí sí ilé tó dá dúró. Bí mo bá wúkọ́, kí ẹnìkan bi mí pé kí ló dé.

Lateefat, bí o bá rí ìwé yìí, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Fàtáì. Ra bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora àti ṣòkòtò méjì fún Bàbá Sùnmọ́nù, kò ku nǹkan kan fún un. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà, kí n lè ra aṣọ lọ́wọ́ ará Pakistan yẹn, kó má jẹ́ pé omi rẹ̀ lásán ni mo mu. Fàtáì ní bàbá náà béèrè orúkọ mi, ó sì béèrè bóyá ọkọ mi ṣì wà láyé. Mo ní kó sọ fún un pé mo ń béèrè bóyá ó ti jẹun. Má rẹ́rìn-ín, Kàbírù kò tíì gbọ́ apá yìí.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ jáde, yóò ṣọ́ ọ wọlé. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá pè, wàá rí ẹni tí yóò gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wosilat