Màámi, Ẹ Má Ha Àmì Pupa Abẹ́ Àwo Bàámi

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ ẹrù dídì, ẹ kú làálàá. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi àti ìyàwó wa tí wọ́n fẹ́ gbà yín sílé ní Ṣàngótẹ̀dó, mo sì kí gbogbo ará ilé wa ní Jákàńdè tí wọn yóò ṣàárò yín.

Lórí fóònù lánàá, ẹ ní kí ẹ tó kó lọ ní Sátidé, ẹ máa rẹ àwo Bàámi sínú kẹrosíìnì, ẹ ó fi bíléèdì ha kútẹ́ẹ̀sì pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, kí n lè rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ìfẹ́ ló mú yín sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ń yọ yín lẹ́nu lórí orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n àyà mi já, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì gbé ohùn yín lọ kí n tó lè ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta gbangba, kí ìyá ẹlòmíràn tó ní irú àwo bẹ́ẹ̀ náà lè gbọ́.

Àwo funfun tó nípọn ni, tó ní ìlà àwọ̀ ewé kan létí. Bàámi ló mú un bọ̀ láti inú ọkọ̀ òkun tí wọ́n ti ṣe kúùkù. Lọ́jọ́ tí èmi àti Káyọ̀dé du ẹran tí àwo náà fi já bọ́, ṣebí ilẹ̀ la kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá ó là! Torí ìkórè ìjọ wa aláṣọ funfun, níbi tí àwo gbogbo ìyá ìjọ ti máa ń dà pọ̀ nídìí iná, lẹ ṣe fi kútẹ́ẹ̀sì ya àgbélébùú sábẹ́ rẹ̀. Orí orúkọ ilé-iṣẹ́ gan-an lẹ ya á lé.

Níbí ní Ohio ní Amẹ́ríkà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa rárá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àdájẹ ló le jù. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo yà wọ ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan kí ara mi lè móoru, ni mo bá rí ìkejì àwo Bàámi lórí pẹpẹ. Mo gbé e mọ́ àyà, mo sunkún níbẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó ti búrẹ́dì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa irú wọn jọ. Màámi, àwọn tó ṣe àwo wọ̀nyí mọṣẹ́! Àwo ilé oúnjẹ ni wọ́n, ẹni tó ń fọ abọ́ níbẹ̀ kì í sì í ṣe jẹ́jẹ́. Wọ́n jẹ́ kí etí rẹ̀ ki kó má baà tètè bù, wọ́n sì sun amọ̀ náà nínú iná títí ó fi dì bí òkúta, débi pé tó bá tiẹ̀ bù, omi kì í wọ̀ ọ́. Wọ́n á wá tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn á fi lẹ́tà kékeré sọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mo ń tọ́jú, Ìyá Dóròtì, ṣiṣẹ́ nírú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ létí odò nígbà èwe wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ìlà yẹn! Àwo á máa yí lórí àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré, búrọ́ọ̀ṣì á dúró sójú kan, ìlà á sì padà wá bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ ọ́, ìka wọn ṣì ń di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Lóṣù tó kọjá, mo mú wọn lọ sípàdé àwa tí à ń ṣa àwo jọ. Oníkálukú máa ń gbé oúnjẹ wá nínú àwo tirẹ̀. Kí lèmi ọmọ yín ṣe? Mo ra kútẹ́ẹ̀sì pupa, mo ya àgbélébùú sábẹ́ gbogbo àwo mi kí wọ́n má baà sọnù. Bí ọkùnrin kan ṣe dojú ọ̀kan dé, ó figbe ta. Ó ní mo ti bo orúkọ ilé-iṣẹ́, àwo náà ò níye lórí mọ́. Ojú tì mí.

Ẹ̀rín ni Ìyá Dóròtì bú sí. Mo ṣàlàyé fún wọn nípa yín àti ìdí iná ìkórè. Wọ́n ní àwọn náà máa ń fi àmì kékeré sábẹ́ àwo tí wọ́n bá kùn, kí iṣẹ́ ẹnìkan má baà di ti ẹlòmíràn. Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n ní kí n fún àwọn ní kútẹ́ẹ̀sì náà, kí àwọn ya àmì tàwọn sábẹ́ àwo kan.

Nítorí náà, Màámi, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé bíléèdì sílẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kún inú ṣọ́ọ̀bù àlòkù níbí. Àgbélébùú yín kò sí níbòmíràn. Òun ni kò jẹ́ kí àwo Bàámi bá ti ẹlòmíràn lọ láti gbogbo ọdún yìí wá. Ẹ fi sùtánà yín wé e, kẹ́ ẹ gbé e sórí itan yín nínú mọ́tò títí dé Ṣàngótẹ̀dó. Bí kútẹ́ẹ̀sì náà bá sì ti ń ṣí, ẹ tún un yà. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bu oúnjẹ fún mi.

Kí Olúwa jẹ́ kí ilé tuntun tù yín lára. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ìyá ìjọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé àmì yín ti dé Ohio.

Èmi ni ọmọ yín tí ebi ọbẹ̀ yín ń pa,
Bùsáyọ̀