Àkùkọ Irin Yín Ti Padà Dé

Bàámi,

Èmi náà ni wọ́n wá ń pè lólè báyìí. Èmi tí mi ò mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíì rí. Àkùkọ irin yín ni wọ́n ní mo jí, èyí tí ẹ jó àjákù ọ̀pá irin àti ṣéènì ọ̀kadà pọ̀ ṣe, tí àdúgbò wa ní Sángo fi ta ọ̀gá ìjọba lọ́rẹ lọ́jọ́ tó wá ṣí ọ̀nà.

Ẹ rántí ohun tó sọ. Ó ní kì í ṣe òun la fún, ìjọba la fún, ó ní ilé tí wọ́n ń kó ẹ̀bùn ìjọba sí ló máa wà, nínú gíláàsì, kí àlejò máa wò ó. Látìgbà yẹn, ẹni bá ti ń lọ sí olú-ìlú, ẹ ó ní kó bá yín kí àkùkọ yín. Àwọn tí ẹ jọ ń wọ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ lọ sí Àgbárá á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Alákùkọ, ṣó ti kọ láàárọ̀ yìí?" Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín.

Ẹ dárí jì mí, Bàámi. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ rán mi lọ wò ó, mi ò rí i. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ sínú ìwé, mo kọ ọ́; wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò sí nítòsí. Mo jókòó títí. Nígbà tí mo padà dé lẹ́ẹ̀kejì, tí mo bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, tí ẹ ń wo ẹnu mi, mo ní iná ń tàn sí i lára, mo ní wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ẹ̀. Ẹ di ọwọ́ mi mú. Ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ jáde láyé. Ṣé ẹ mọ̀ pé mò ń purọ́ ni?

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni mo wà báyìí, à ń ṣa kọ̀ńdẹ́mù, irin tí wọ́n ti pa tì, kó tó wọná. Ní Mọ́ńdè, ọkọ̀ kan tú irin sílẹ̀. Ogbe orí àkùkọ yín ni mo kọ́kọ́ rí, ṣéènì ọ̀kadà yẹn. Ìrù ẹ̀ ti ya, àmọ́ pátákó tí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò wa sí ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Mo dì í mú. Súpáfáísọ̀ ní, "Ṣé bàbá ẹ ló bí irin ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló bí i, ẹ̀gbọ́n mi lẹ fẹ́ jù síná yìí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó di yàrá mi ní Ìyànà Ìyẹsí.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rín tán. Súpáfáísọ̀ yẹn náà ní òun ò yọ̀ǹda nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ dúdú kan tí ò ní nọ́ńbà wá ń dúró síwájú ilé. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀, wọn ò kí èèyàn. Lándílọ́ọ̀dù ti ní kí n wá ilé míì. Lánàá, wọ́n ti ìwé gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi pé kí n dá dúkìá ìjọba padà, kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n wọlé wá gbà á. Wọn ò kọ orúkọ sí i.

Dúkìá ìjọba kẹ̀? Tó bá jẹ́ ti ìjọba, kí ló gbé e dénú ọkọ̀ kọ̀ńdẹ́mù? Tó bá sì jẹ́ kọ̀ńdẹ́mù, kí ni wọ́n ń wá lẹ́nu ọ̀nà mi? Èmi mọ̀. Wọ́n ti kó ilé ẹ̀bùn yẹn tán. Èyí tó ń dán ti wọ pálọ̀ wọn, irin tiwa ni wọ́n ní kó wọná, kó má baà sẹ́ni tó máa béèrè ìyókù. Àkùkọ yín ló kù tó lè jẹ́rìí.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàámi, àmọ́ mi ò ní gbé e fún wọn. Mo ti da lẹ́tà yìí kọ. Màá lẹ ẹyọ kan mọ́ géètì, kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn lè kà á.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, Bàámi, tó purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan tí ò sì ní purọ́ mọ́, èmi ni mò ń bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú ọkọ̀ dúdú: ta ló ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀bùn, tó ní kí wọ́n gbé àkùkọ bàbá mi jáde? Ẹ dárúkọ ẹ̀.