Ibi Tí A Gbé Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Sí

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ láti Amẹ́ríkà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn tó wà níwájú mi ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ délẹ̀ mọ́. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kí Bàbá Àgbà ní Ọ̀dẹ̀dá. Mo kí Táyọ̀ àbúrò mi, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́. Mo kí gbogbo ìyá ìjọ wa pátá.

Màmá, ẹ ò gbé fóònù mi, òun ló jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ń dún tí ẹ ò gbé e. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fi ìwé ìròyìn Yorùbá sílẹ̀ láìkà, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ẹ ṣì ń fi báírò pupa tún àmì ohùn oníwèé ìròyìn ṣe. Ẹ tún tèmi náà ṣe. Ẹ ṣáà kà á dópin. Ìdí kejì ni pé níta gbangba ni mo ti dójú tì yín, níta gbangba náà ló yẹ kí n ti tọrọ àforíjì.

Kí ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: oyún àkọ́kọ́ mi nìyí, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Màmá mi ló fẹ́ wá bá mi wẹ ọmọ. Ìwé ìrìnnà wọn ti jáde. Wọ́n ti ra òrí, wọ́n ti ra ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn. Àwọn ìyá ìjọ ti pè wọ́n síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ti gbàdúrà ìrìn-àjò fún wọn. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni èmi wá la ẹnu lórí fóònù, mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, pé a ti ra ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ tó sì ń mú un gbẹ. Wọ́n ní kò burú, kí ẹ̀rọ náà kúkú máa bá mi wẹ ọmọ. Bí wọ́n ṣe pa fóònù nìyẹn.

Màmá, irọ́ ni mo pa fún yín. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wà lóòótọ́. Ti ilé ni. A ò ní ilé. Inú mọ́tò là ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pariwo. Kì í ṣe mọ́lúè tó bàjẹ́. Mọ́tò ńlá kan ni tí wọ́n kọ́ ilé sínú ẹ̀: ibùsùn wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìwẹ̀ wà, táyà sì wà lábẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ wáyà iná tí Kúnlé ọkọ mi ń ṣe ló fà á. Bí wọ́n bá ri òpó tán ní ìlú kan, ọ̀gá iṣẹ́ á ní kí wọ́n forí lé òmíràn, àwa náà á wa ilé wa tẹ̀ lé wọn. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Gbogbo fọ́tò tí mo fi ń ránṣẹ́ sí yín, inú nìkan ni mo ń yà. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ béèrè pé kí ló dé tí ibi ìdáná mi tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo ní bí ilé òyìnbó ṣe rí nìyẹn. Ẹ ní kí n ya ẹ̀yìnkùlé, mo ní òjò ń rọ̀. Òjò ọdún méjì, Màmá!

Ẹ jẹ́ n sọ bí ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe dé. Ibi tí àwa àti àwọn mìíràn tó ń gbé inú mọ́tò gbé mọ́tò wa sí, àwọn tó ni ín ò gbà kéèyàn sá aṣọ síta. Okùn kan péré tí mo so, wọ́n wá já a, wọ́n ní ó ń ba ojú ibẹ̀ jẹ́. Aṣọ lásán, aṣọ tí kò bú ẹnikẹ́ni! Ni mo bá ń ru aṣọ lọ sílé ìfọṣọ tí gbogbo èèyàn ń lò, ó sì jìnnà tó ilé wa sí ibùdókọ̀ Láfẹ́nwá. Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́ o. Omi tó bá dà sílẹ̀ láàárọ̀ á ti di yìnyín kó tó di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan, mo gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ, mi ò rí iwájú mi, ni mo bá yọ̀, mo fìdí balẹ̀ gbì! Mi ò sọ fún yín. Ọmọ ò yí nínú mi títí a fi dé ọsibítù. Mo ń pe Jésù, mo ń pè yín, mi ò mọ ẹni tí mo kọ́kọ́ pè. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ọkàn Kúnlé ò ti balẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹta ló ra ẹ̀rọ. Ẹyọ kan náà ló ń fọ aṣọ, òun náà ló ń mú un gbẹ. Kò gba ẹnu ọ̀nà. A tì í, a fà á, a dà á sí ẹ̀gbẹ́, ó kọ̀. Kúnlé bá yọ wíńdò, òun àti ẹnìkejì ẹ̀ níbi iṣẹ́ gbé e gba ibẹ̀ wọlé bí olè. Ó fa páìpù omi láti abẹ́ síńkì, ó la ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí á gbà jáde, ó sì fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é mọ́lẹ̀ kó má baà máa rìn kiri bí mọ́tò bá ń rìn. Ẹ gbọ́ ti ọ̀gá oníná tí kì í ka ìwé tó wà nínú páálí! Àwọn irin tí wọ́n fi há inú ẹ̀rọ mọ́ kó má baà mì lójú ọ̀nà, kò yọ wọ́n. Nígbà tó dé ibi tó ti ń fún aṣọ, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì, ife jábọ́, àwo jábọ́, aládùúgbò sáré jáde, ó rò pé a fẹ́ wa mọ́tò lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú. Bó ṣe yọ àwọn irin yẹn tán, ara ẹ̀rọ balẹ̀. Ó ń fọ aṣọ dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àfi pé bó bá ń ṣiṣẹ́, a ní láti pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, torí iná mọ́tò ò lè gbé méjèèjì.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí a gbé e sí? Ibùsùn yín ni. Ibùsùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ tí mo ti tẹ́ dè yín láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù mẹ́rin. Kò síbòmíràn tí ẹ̀rọ lè wọ̀. Kúnlé ń fi sípánà tú ibùsùn náà, mo ń wò ó. Nígbà tó tú u tán, kò sí ibi tí ẹ máa sùn mọ́, nínú ilé tí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ pé mọ́tò ni. Kàkà kí n sọ pé ojú ń tì mí, mo ní ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Èdè Yorùbá tí ẹ fi tọ́ mi, òun ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí n tó ṣubú, ìtọ́jú arúgbó ni. Mò ń wẹ ìyá oníyàá, mò ń fi ìpara ra wọ́n lára, wọ́n á ní ọwọ́ mi tutù. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Nísinsìnyí mo wà nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, Kúnlé á ti wà lórí òpó, aládùúgbò á juwọ́ sí mi, á wọ ilé tiẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Mi ò bímọ rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ ọjọ́ kan mú nínú omi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀. Mo wo fídíò rẹ̀, ọrùn ọmọ yẹn já mi láyà, mo pa fídíò náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Táyọ̀ sọ fún mi pé ẹ ti tú báàgì. Ó ní ẹ ti kó òrí fún aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní nígbà tí àwọn ìyá ìjọ béèrè ọjọ́ tí ẹ máa gbéra, ẹ ní ọmọ yín ti di òyìnbó, ẹ sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú yín. Mo sunkún débi pé Kúnlé ní láti kúrò níbi iṣẹ́ wá sílé. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan èyí tí òun náà ò mọ̀, pé mi ò sọ fún yín rí pé inú mọ́tò là ń gbé. Ọkùnrin náà jókòó. Ó ní òun rò pé ẹ mọ̀ ni, pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń súre fún òun lórí fóònù, òun máa ń sọ lọ́kàn pé Màmá mọ ibi tí òun kó ọmọ wọn sí, wọn ò sì fi bú òun.

Ní Sátidé, ó mú sípánà. Ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dí páìpù, ó tún yọ wíńdò. Ẹ̀rọ ti jáde, ẹnìkejì ẹ̀ yẹn ti gbé e lọ fún ìyàwó ẹ̀. Kúnlé ní òun á máa ru aṣọ lọ sílé ìfọṣọ fúnra òun, pé ọkùnrin tó ń gun òpó iná, kí ni apẹ̀rẹ̀ aṣọ fẹ́ fi òun ṣe? Ó ti kan ibùsùn náà padà. Ihò mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sí i, mo na ẹsẹ̀, ó gbà mí, ẹ ò sì ga tó mi. Pákó lè fẹ́ kan yín lórí bí ẹ bá ń dìde, ẹ máa rọra.

Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ bá mi kí ará ìjọ, ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ọlọ́run tó dá yín sí tí ẹ tọ́ wa dàgbà, á fún yín ní ara líle, ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Kí n gbọ́ ohùn ayọ̀ yín, kí ẹ gbọ́ ohùn ọmọ lọ́dọ̀ mi.

Bí ẹ bá wá, ibùsùn yín nìyẹn. Bí ẹ ò bá sì wá, Màmá, a ò ní gbé nǹkan kan síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Rónkẹ́