Omi Tí Wọ́n Ń Dà sí Ọ Lẹ́sẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé-Ìwé

Òkè-Sopẹn, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Keje, 1897.

Adéfọlá ọmọ mi,

Olúwa tí ó mú ọ la ọ̀sà kọjá ní àlàáfíà yóò máa pa ọ́ mọ́ ní Èkó. Ara wa le, iṣu wa ta dáradára, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ̀wé kò kéré. O kọ ọ́ pé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsílì dé kọ́ ni ilé-ìwé tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọdé wà, pé tọkùnrin tobìnrin ń jókòó pọ̀ níbẹ̀, àti pé ní àràárọ̀, kí o tó gun àtẹ̀gùn, wọ́n máa ń bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà. O ní nítorí ẹrẹ̀ ni, kí pákó ilé má bàa bàjẹ́. Adéfọlá, ẹrẹ̀ kò ha sí ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Ìyàwó tuntun nìkan ni a ń wẹ ẹsẹ̀ fún lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ ni ó sì ń wọlé tọ̀. Ta ni ọkọ yìí?

Mo rò ó títí. Ìyàwó wo ni í lọ sílé ọkọ láàárọ̀, tí í padà sílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án, bí o ti ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi? O tún ní wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọkùnrin náà. Ta ni ó ń fẹ́ àwọn yẹn? Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Èkó nígbà èwe mi, bàtà ni a ń nù.

Ó dùn mí pé mo ka ìwé rẹ sókè. Abibat aládùúgbò wa gbọ́, ó ní ẹ kú oríire o, Bàbá Adéfọlá, ìyàwó ti wọlé ọkọ, ẹ kò sì pè wá jẹun! Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdílé Simeon àfẹ́sọ́nà rẹ ti ránṣẹ́ pé bí o bá ti lọ́kọ ní Èkó, kí a wí, kí àwọn lè wá ìyàwó síbòmíràn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú sùúrù. Ìyá rẹ sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Mákùn-Omi láti wá fi ojú ara rẹ̀ wo ilé náà. Ohun tí ó bá rí ni Simeon yóò gbà gbọ́.

Fún un lówó ọkọ̀ tí yóò fi padà, kí o sì fi ṣílè méjì kún un fún bàtà mi. Máa kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ. Ọlọ́run yóò fi ọ́ sípò ọlá, ojú kò ní tì wá lórí rẹ.

Kí o tètè jáde pàdé ìyá rẹ ní ìta. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé omi wá lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí omi náà má ṣe kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ o. Ìyàwó mi ni.

Èmi bàbá rẹ,
Akínbọ́lá.