Ọwọ́ Méjì Tí Mo Nà Níwájú Àwọn Oníhìnrere

Ayewa, ní Bùnú,
Oṣù kẹrin.

Fẹ́rànmí ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun oòrùn Àbújá, okun gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojú rere wò ọ́, kí o sì máa rí oorun sùn, nítorí mo gbọ́ pé iná kì í kú lọ́dọ̀ yín, mi ò sì mọ bí ẹ ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ àfi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, nítorí náà mo gbà pé ó wúlò.

Bí o bá ń pè mí tí kò wọlé, má bẹ̀rù. Mo máa ń pa fóònù tí o rà fún mi láti alẹ́ Sátidé, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, ó yẹ kí òun náà sinmi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo jí i, ó ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí kan kí òun tó lè dá mi mọ̀. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé èmi Hezekiah ni, kò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Kajú so dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì ní funfun lójú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé mi ò sí nípò bàbá ìjọ mọ́. Má sunkún, mi ò jalè. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejì, nígbà tí a ń ṣa kajú lọ́wọ́, àwọn oníhìnrere kan wá sí Ayewa nínú bọ́ọ̀sì funfun méjì. Òyìnbó mẹ́rin wà nínú wọn, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa láti Àbújá. Andrew ni orúkọ olórí wọn, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tí oòrùn ti sọ di pupa bí ata rodo. Ọpẹ́dayọ̀, ọmọbìnrin kan láti Ìlọrin, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n pín oògùn aràn, wọ́n fún mi ní dígí ojú tí mo fi ń kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n dígí náà ń jẹ́ kí ilẹ̀ jìnnà sí ẹsẹ̀ mi, nítorí náà orí ìjókòó nìkan ni mo ti ń lò ó. Wọ́n ní àwọn wá mú ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì gbọ́. A kí wọn kú iṣẹ́. A rò pé ibòmíràn ni wọ́n ń lọ, pé wọ́n kàn yà sọ́dọ̀ wa láti sinmi ni, nítorí bàbá mi wà lára àwọn tó ru òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. A gún iyán fún wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Andrew wàásù lábẹ́ igi máńgòrò. Ìwàásù náà dára. Nígbà tí ó parí, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù fún ìgbà àkọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó nà án, nítorí a ti gbà á tipẹ́, àwọn tí kò sì gbà á ní ibi tí wọ́n ń lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó tún béèrè. Ọmọ náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, òógùn ń ṣàn wọ etí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ fọ́tò dání tí wọn kò rí nǹkan kan yà. Fẹ́rànmí, o mọ bí a ti ń ṣe níbí. Àlejò tó rìn láti òkè òkun, tó jẹ iyán wa, tó wá béèrè ohun tí kò ju ọwọ́ nínà lọ, ṣé kí a jẹ́ kí ojú tì í ni? Èmi ni àgbà ibẹ̀. Mo na ọwọ́. Bí mo ti nà án ni gbogbo ìjọ nà án, àwọn akọrin nà án, Lájídé tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa náà nà án, nígbà tí ó sì sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó gbé kẹ́tù omi rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun ìrọ̀lẹ́. Andrew sunkún ayọ̀. Inú wa dùn pé a ṣe é lálejò.

Kí a tó dìde, ó tún ní kí gbogbo wa di ojú, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò lè bá Ọlọ́run sọ na ọwọ́. Mo tún na ọwọ́. N ó padà sórí ọwọ́ kejì yẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín fọ́ọ̀mù. Àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀, wọ́n ní kí a fi àmì sí èyí tó bá bá wa mu. Mo fi àmì sí gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbé àwo mẹ́fà kalẹ̀ níwájú rẹ, o kò ní jẹ ọ̀kan kí o fi ìyókù sílẹ̀ kó máa wò ọ́. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpótí náà ni pé mo jẹ́ Mùsùlùmí, pé mo jẹ́ abọ̀rìṣà, pé mo ti gbéyàwó, pé mo jẹ́ àpọ́n, àti pé ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Jésù.

Oṣù kan kò pé tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ wa ní Kàbà. Àwọn oníhìnrere ti fi orúkọ ẹni tuntun mọ́kànléláàádọ́rin ránṣẹ́ sí wọn láti Ayewa. Àwọn àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì pàṣẹ pé kí àwọn ẹni tuntun jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n má tíì jẹ oúnjẹ Olúwa, kí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá kí a tó rì wọ́n bọ omi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, gbogbo ìjọ kó sẹ́yìn. Pásítọ̀ Olúṣèyí ń wàásù fún ìyàwó rẹ̀ nìkan níwájú, a sì ń gbọ́ ọ láti òkèèrè.

Ó wá bẹ̀ wá. Ó ní kí olúkúlùkù kọ ìlà kan péré, pé nítorí àlejò ni òun fi na ọwọ́, kì í ṣe tọkàntọkàn, kí ó fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé. Wọ́n kọ ọ́ wéré. Kí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tó dé, wọ́n ti padà sí àyè wọn. Ó ku èmi.

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ dé ìdajì. Ní ti ọwọ́ àkọ́kọ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì ni mo nà. Nígbà tí ọmọ yẹn ní kí a di ojú, mo rí Naomi ìyá rẹ bí ó ti ń jókòó tì mí níbi fèrèsé fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ara rẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ ń kan èmi náà. Láti ìgbà tí a ti sin ín lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo ti gbàdúrà fún aláìsàn, mo ti gbàdúrà fún arìnrìn-àjò, mo ti gbàdúrà fún ìjọba, mi ò gba ẹyọ kan fún ara mi. Mò ń bínú sí Ọlọ́run, Fẹ́rànmí. Bàbá ìjọ ni mí, mò ń bínú sí I, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kejì yẹn, mi ò nà án fún àlejò. Mi ò mọ ìgbà tó gòkè. Bí mo bá kọ ọ́ pé kì í ṣe tọkàntọkàn, irọ́ ni mo pa, ìlà kan ṣoṣo sì ni pásítọ̀ fún wa.

Nítorí náà èmi nìkan ni ẹni tuntun ní Ayewa. Destiny ló ń kọ́ mi, ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ ní àdúrà Olúwa nígbà tí kò tíì mọ bí a ti ń fun imú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé ta ló dá mi. Mo ní Ọlọ́run ni. Ó ní mo gbà á, kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi nìkan ni kíláàsì náà, mo sì pàtẹ́wọ́. Láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, mo ń rí àyè wa níwájú. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ ṣì wà lójú fèrèsé. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó tì í, mi ò jẹ́ wò ó. Mo ń wò ó báyìí, mo sì ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn ún gbọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà ni wọn yóò rì mí bọ omi, nínú odò tí o ti ń pọnmi nígbà èwe rẹ. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ funfun tuntun, nítorí náà mò ń tọrọ owó aṣọ lọ́wọ́ rẹ, àti díẹ̀ fún ọṣẹ àti oògùn orúnkún. Má fi í sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ ní Kérésì, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Adétutù tó ń fi ẹ̀rọ póòsì san owó fún ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà sọ pé owó náà ti wọlé sọ́dọ̀ òun, ó sì ka owó fún mi, ṣùgbọ́n mo rò pé àánú mi ló ṣe é tó fi yọ ọ́ nínú tirẹ̀, mo sì ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́. Di tọ̀tẹ̀ yìí sínú àpòòwé, kí o fún awakọ̀ Kàbà.

Fọ́ọ̀mù ìrìbọmi náà wà. Destiny ní kí n kíyè sí i, pé àpótí kan ṣoṣo ni kí n fi àmì sí, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nísàlẹ̀ fún òbí, wọ́n ní òbí gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ rẹ̀ létí omi. Bàbá mi kò sí, ìyá mi kò sí, Naomi tí ì bá dúró tì mí kò sí. Mo kọ orúkọ rẹ síbẹ̀. Destiny ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run tí kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí kí ó tó dá wa mọ̀ yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ojú kò sì ní tì ọ́ láàárín àwọn tí ẹ jọ ń rìn.

O kò tíì wálé láti ìgbà ìsìnkú. Mi ò bi ọ́ nídìí, nítorí mo mọ tèmi. Bí owó aṣọ àti owó ọkọ̀ kò bá lè jọ wà lọ́wọ́ rẹ, fi èyí tó wà wọ ọkọ̀. Mo ní búbá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ. Funfun ni òun náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hezekiah.