Òòlù Mi àti Ilẹ̀kùn Àbúrò Mi

Olóòtú wa, ẹ kú ìnira ọ̀rọ̀ aráyé tí ẹ ń gbọ́ láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Mò ń fi páànù ṣe àdògán lójúde ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá Sábó.

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Saifu, ní àrùn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní sikisofiréníà. Ó ń lo oògùn, ó sì ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lu páànù, á dìde lọ ṣílẹ̀kùn.

"Bọ̀dá, ẹnìkan tún ń kanlẹ̀kùn o."

"Saifu, òòlù mi ni."

Á jókòó. Mo tún lù ú, á tún dìde. Àwọn oníbàárà ń pè é ní mẹ́gáàdì.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kì í ṣe agídí. Ó ní bí ariwo kan náà bá ń wá léraléra, ọpọlọ tiwa á pa á tì. Ti Saifu kò lè pa á tì, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé bíi tuntun.

Àǹtí wa ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn ní Ọ̀yọ́, pé ibẹ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi nìkan ló ti ń gba oògùn. Tí mo bá sì gba ṣọ́ọ̀bù ní Takie láàárín ìlú, kí ariwo òòlù lè jìnnà sílé, rẹ́ǹtì á jẹ owó oògùn náà.

Mo dá iṣẹ́ dúró kí n lè kọ lẹ́tà yìí. Saifu wá jókòó tì mí. Ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n ti lọ." Ara rẹ̀ balẹ̀.

Páànù ṣì wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ lù kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?